Òrùlé Ló Ń Jẹ Yúníìtì Wa

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Báńdì A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, sí náírà 225, ẹjọ́ kan náà la ń gbọ́ ní Ìbàdàn: mítà ń sáré. Owó náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹjọ́ ò tán. Lóòótọ́, iná wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mítà tí a ń bú kò jẹ̀bi. Ooru ló ń wọlé láti òkè orí wa, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń bá a wọ̀yá ìjà láti ọ̀sán títí dòru. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ ọ́ di dandan fún ọ́fíìsì tó ń buwọ́ lu àwòrán ilé láti máa yẹ òrùlé wò bí wọ́n ṣe ń yẹ sókàwéè àti ààlà ilẹ̀ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán. Ẹ wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú mítà yín. Ẹ ó rí i pé wọ́n kọ 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh síbẹ̀. Iye ìgbà tí iná náà máa ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó tán nìyẹn. Ẹ pa gbogbo nǹkan, títí kan fìríìjì, kí ó ku ẹ̀rọ amúlétutù nìkan. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná, kí ẹ wá ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 20 lórí mítà 1000, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60: wọ́ọ̀tì 1,200 ni ẹ̀rọ yín ń fà, bí ti 1.5 HP tí kì í ṣe ínfẹ́tà, irú ẹ̀rọ amúlétutù tó máa ń dín iná tó ń fà kù fúnra rẹ̀. (Bí mítà bá jẹ́ 1600, ẹ fi 1.6 pín ohun tí ẹ rí.) Bí ó bá fà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, yúníìtì 9.6 ti lọ. Ká tiẹ̀ ní náírà 200 péré ni yúníìtì kan, náírà 1,920 nìyẹn lójúmọ́, 57,600 lóṣù, fún yàrá kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá sì pa gbogbo bíréékà, tí iná pupa ṣì ń ṣẹ́jú, ẹjọ́ òrùlé kọ́ nìyẹn. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wá wò ó bóyá wáyà kan ń jò tàbí aládùúgbò kan ti so mọ́ yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni bóyá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀yà ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fa iná jù, ń sinmi. Ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ fi ẹ̀rọ náà sí ìwọ̀n 25, ẹ ti ilẹ̀kùn. Bí kì í bá ṣe ínfẹ́tà, ó yẹ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà máa kú kó máa jí. Bí kò bá sinmi rárá fún wákàtí kan, ẹ fọ fílítà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wo gáàsì. Bí ìyẹn ò bá ní àléébù, ẹ ra tẹmọ́mítà méjì, ẹ gbé ọ̀kan kọ́ sábẹ́ sílíìnì gẹ́lẹ́, èkejì sí ibi tí àyà èèyàn dé. Ẹ máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ láago méje àárọ̀, méjì ọ̀sán àti mẹ́wàá alẹ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ pa fáànù kí ẹ tó wò wọ́n o, torí fáànù ń po afẹ́fẹ́ òkè mọ́ tìsàlẹ̀. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárọ̀, tí tòkè wá fi ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin ju tìsàlẹ̀ lọ lọ́sàn-án, òrùlé lọ̀daràn.

Kò sì yani lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán ń dúró gangan lórí Ìbàdàn. Páánù tuntun tó ń dán ń dá púpọ̀ nínú oòrùn padà. Èyí tó ti dógùn-ún, bí irú èyí tí à ń rí lọ rẹrẹ láti Òkè Mápó, ń gbà á mu. Alumíníọ̀mù olówó ńlá tí wọ́n kùn ní àwọ̀ dúdú ní Àkóbọ̀ kò sàn jù ú lọ lórí èyí. Àwọn baba wa ń fi igi àti amọ̀ tẹ́ àjà sáàárín ara wọn àti òrùlé. Àwa sọ àjà nù, a fi sílíìnì pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀, a wá lọ ra ẹ̀rọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Fọ́ìlì tó ń dán ni kí wọ́n tẹ́ sábẹ́ páánù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni àwọn káfíńtà máa ń bàjẹ́ jù: wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páánù pátápátá. Bí fọ́ìlì bá ti fara kan páánù, ooru ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ó gbọ́dọ̀ ku àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, kí ojú tó ń dán kọ sí àlàfo. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n dá ihò sí ìpẹ̀kun òrùlé méjèèjì kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde, kí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí àdán. Ẹni tí kò lè ṣe é kó kun páánù ní funfun, kó kọ́kọ́ ha ògùn-ún rẹ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà náà á bó. Ní ti fèrèsé lúúfà, ẹni tó bá tan ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá tó ní in ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì nílùú yìí. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń yàwòrán ilé fún Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ìbòòji ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ lọ wo ara ògiri ilé ìkàwé Kenneth Dike bó ṣe ní ihò. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé òfin ìkọ́lé tí kì í fi iná ṣòfò jáde lọ́dún 2017. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́dún 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ètò ìkọ́lé wà, nítorí náà bí Àgọ́dì, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò bá mú un lò, orí ìwé ni yóò wà.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní owó ilé ti wọ́n tó. Fọ́ìlì ò tó nǹkan kan lára owó páánù àti igi. Ẹjọ́ tó wúwo jù ni ti àwọn tí wọ́n ṣì ń fún ní bíìlì àfojúdá: tí wọ́n bá tún òrùlé ṣe, owó tí wọ́n á san ò ní yí padà. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára lórí ọ̀rọ̀ iná. Mítà fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi agbára náà gbà.

Kí ọ́fíìsì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tó wà lórí tábìlì wọn báyìí. Àlàfo, fọ́ìlì, ihò afẹ́fẹ́: kí ayàwòrán fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, kí ẹni tó ń lọ wo iṣẹ́ sì gun àkàbà kí wọ́n tó kan sílíìnì. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí onílé fọ́ sílíìnì POP rẹ̀.