Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ́ kí ẹrù tó wọ́; ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wa?

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lórí rédíò níbi tí mo ti ń gẹrun lẹ́bàá ọjà Àkẹ̀sán, níhìn-ín l'Ọ̀yọ́, ló mú òwe yìí wá sí mi lẹ́nu. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn eléré ìdárayá Nàìjíríà wa tí wọ́n jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ọkùnrin kan pè wọlé, ó ní kí ìjọba yéé náwó lé wọn lórí, pé àwọn tí ara wọn pé gan-an kò tíì rí ìtọ́jú tó. Olóòtú rẹ́rìn-ín, ó gba ìpè mìíràn. Inú bí mi.

Ẹ jẹ́ ká ka ẹrù náà. Ní London lọ́dún 2012, àwọn tí ara wọn pé lọ sí Òlímpíìkì, wọn kò mú àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo bọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, nílùú London yẹn kan náà, àwọn àkàndá ẹ̀dá gba àmì ẹ̀yẹ 13 ní Paralímpíìkì, ìyẹn Òlímpíìkì tiwọn, wúrà 6 ló wà nínú rẹ̀. Ní Rio lọ́dún 2016, idẹ kan ṣoṣo ni àwọn tí ara wọn pé rí gbà, nínú bọ́ọ̀lù. Àwọn àkàndá gba 12, wúrà 8. Ní Paris lọ́dún 2024, àwọn tí ara wọn pé tún padà lọ́wọ́ òfo. Ní Paris yìí kan náà ni Folashade Oluwafemiayo ti gbé irin 167 kílò, tí Onyinyechi Mark gbé 150 kílò, tí àwọn méjèèjì gba wúrà, tí wọ́n sì tún borí gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti gbé rí láyé ní ìpele tiwọn. Mariam Eniola Bolaji gba idẹ nínú badminton. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú eré náà ní Paralímpíìkì. Àwọn wo lẹ wá ní à ń náwó lé lórí lásán?

Ṣùgbọ́n ẹrù ti ń wọ́ lóòótọ́. 13 ní London, 12 ní Rio, 10 ní Tokyo, 7 ní Paris. Àwọn kan ní torí pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni, pé àwọn tí irú eré bẹ́ẹ̀ wà fún ń dín kù. Mi ò gbà. Ẹni tí ọkọ̀ gé lẹ́sẹ̀ lójú títì wa kò dín kù, ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ kò tán.

Ẹ wo ìsàlẹ̀. Irin gbígbé ló ń fún wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú àmì ẹ̀yẹ wọ̀nyí. Èèyàn á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á fi bẹ́líìtì de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, á sì ti irin sókè láti àyà. Bẹ́ǹṣì kan lè tó ogún èèyàn lò. Kẹ̀kẹ́ eré sísá kò rí bẹ́ẹ̀: ara ẹnì kan ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n mọ́, owó ńlá sì ni. Àga tí ẹni tó ń ju ọ̀kọ̀ ń jókòó lé, wọ́n gbọ́dọ̀ dè é mọ́lẹ̀ kó má baà mì. Ẹ bá mi wá èyíkéyìí nínú rẹ̀ dé pápá ìṣeré tó wà ládùúgbò yín.

Ní gáréèjì Owódé, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin arọ kan, eléré ìdárayá, tó ń lọ gbaradì n'Íbàdàn. Táyà kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ kan ti gbó, rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù ló fi wé e mọ́ rímù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yi, ó sán. Awakọ̀ ní owó èèyàn méjì ni yóò san, tirẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó máa ń ká, ẹ jẹ́ ó wọ búùtù."

"Àbúrò, búùtù ti kún."

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ló ní kí wọ́n gbé àpò òun kan jáde, ó gbé e lé itan dé Ìbàdàn. Ẹlẹ́lùbọ́ ló ṣe ìrànwọ́ tó yẹ kí orílẹ̀-èdè ṣe!

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun yìí kì í ṣe àìròtẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2028, Paralímpíìkì yóò wáyé ní Los Angeles. Ọjọ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó sì fẹ́ lọ kò lè dúró de ọdún náà. Ẹni tó fẹ́ gbé irin ní Paris, dandan ni kó ti kópa nínú ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Dubai lọ́dún 2023. Bí wọn kò bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje bẹ́ẹ̀ fún eléré, agbára apá rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, ọdún mẹ́rin ti bọ́. Arọ gbọ́n ní tirẹ̀, ó ń jí gbé irin láàárọ̀. Àwa tó yẹ ká pèsè ọfà la sùn. Ní Paris, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere díje ní Òlímpíìkì, ló fi sá ọ̀kan nínú eré rẹ̀, ara tirẹ̀ sì pé. Bí a bá ń ṣe ẹni tí ara rẹ̀ pé báyìí, báwo la ó ṣe ṣe ẹni tó ń fi ọwọ́ rìn?

Àwa ará Ọ̀yọ́ kò ní àwíjàre. Ìlú wa ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún odi àti afọ́jú. A ń rí wọn lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹni tó bí ọmọ arọ ń fi í pa mọ́ sí yàrá títí àlejò á fi lọ. Ẹ gbé ọmọ náà jáde! Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan irin, kó ju nǹkan, kó na bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin ìjọba, láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni òfin tó dáàbò bo àkàndá ẹ̀dá ti wà. Ọdún márùn-ún tí òfin náà fún yín láti tún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ṣe ti pé. Ẹ lọ wo àtẹ̀gùn pápá ìṣeré yín. Lọ́dún 2025, ẹ fún àwọn Super Falcons, agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa, ní 100,000 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan; ó tọ́ sí wọn, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n owó ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìdíje kò lè ra kẹ̀kẹ́ tí eléré nílò lónìí. Ẹ san owó àjẹmọ́nú wọn lóṣooṣù láti ìsinsìnyí. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ìpegedé kó tó wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá sì fẹ́ gbéra, akọ́nimọ̀ọ́ṣe, olùtọ́jú ara àti ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ni kó wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá tí kò níṣẹ́ kankan láti ṣe lọ́hùn-ún, òun àti ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n jókòó sílé.