Kì í ṣe gbogbo erékùṣù ló já kúrò lára ilẹ̀ ńlá

Okun o, gbogbo ilé. Èrò kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Kábà níbí, lẹ́nu ọmọdé àti lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa: pé ilẹ̀ tí omi gé kúrò lára ilẹ̀ ńlá ló ń jẹ́ erékùṣù, nítorí náà ẹranko tó bá wà létí òkun gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ẹni tó bá gba Lọ́kọ́ja kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí ilẹ̀ iyanrìn tó yọrí láàrin odò Ọya. Omi kún, ó di erékùṣù. Omi fà, ó tún so mọ́ etí odò. Ti odò nìyẹn.

Ẹ wo erékùṣù méjì tí kò jìnnà sí wa lójú òkun. Òkè ayọnáyèéfín ló mọ àwọn méjèèjì, ìlà iná kan náà ni wọ́n sì wà. Àkọ́kọ́ ni Bioko, èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fẹnándò Pó láyé oko kòkó. Omi tó wà láàrin òun àti Kamẹrúùnù kò jìn. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òtútù mú ayé tí omi púpọ̀ di yìnyín, òkun fà wálẹ̀ ní nǹkan bí 120 mítà. Ẹsẹ̀ ni ọ̀bọ fi rìn dé Bioko. Wọ́n ṣì wà nínú igbó ibẹ̀ dòní.

São Tomé ńkọ́? Inú ibú ni òun ti dìde. Omi tó wà láàrin òun àti Gabon jìn ju 1,000 mítà lọ, kí ni fífà 120 mítà fẹ́ ṣe fún un? Kò fara kan Áfíríkà rí. Kò ní ọ̀bọ kankan tirẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, ọkọ̀ èèyàn ló gbé e dé. Ẹ̀gà fò débẹ̀ ní tirẹ̀, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì di ẹ̀gà tó tóbi ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ fíìfíì.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni àkèré, àti ìbátan rẹ̀ kan tí kò lẹ́sẹ̀, tó gùn bí ekòló ńlá, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Omi iyọ̀ ń pa irú wọn, síbẹ̀ wọ́n wà ní São Tomé. Ohun tí àwọn onímọ̀ rò ni pé orí ìdì igi àti koríko tí odò ńlá tú sókun ni àwọn baba ńlá wọn wà tí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró létí odò Ọya lóṣù Ọ̀wàrà, tó rí i bí omi ṣe ń gbé odidi ìdì koríko lọ tòun tẹyẹ lórí rẹ̀, kò ní jiyàn.

Ọjọ́ orí òkúta tún wà níbẹ̀. Príncipe, àbúrò São Tomé ní ìwọ̀n, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ orí: nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ọdún, ìlọ́po méjì ti São Tomé. Òjò àti ìgbì ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀. Ó sì ní àkèré orí igi kan, abara ńlá, tí ẹ kò ní rí ní São Tomé, tí ẹ kò sì ní rí níbòmíràn láyé.