Omi kọ́ ló ń gbé géèmù: èrò ọkàn mi fún ẹni tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà olómi, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó ń fi sùúrù kó owó jọ láti to kọ̀ǹpútà géèmù àkọ́kọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ti rí àwòrán wọn: àpótí onídígí, rọ́bà dúdú méjì tó ti orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà gòkè lọ sínú radíétọ̀ (irin tó ń tú ooru omi dà sínú afẹ́fẹ́), fáànù mẹ́ta tó ń tàn yanran. Ó rẹwà, ó sì wù mí títí dòní. Ṣùgbọ́n bí owó bá há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí omi tó ń mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù yìí jẹ́ ohun tí ẹ máa rà kẹ́yìn.

Ẹni tó ti ṣe é rí ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo to tèmi àkọ́kọ́, radíétọ̀ 360, ìyẹn onífáànù mẹ́ta, ni mo kọ́kọ́ rà, torí pé ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Ìgbà tí mo rà á tán ni mo wá ń fi owó tó ṣẹ́ kù wá káàdì gíráfíìkì, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù. Káàdì tí owó náà ká kò lè gbé géèmù tí mo tìtorí rẹ̀ to ẹ̀rọ náà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù, kò sí ohun tó ń ṣe é, àmọ́ géèmù ń fà, àwòrán ń já lójú mi. Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí omi ń ṣe níbẹ̀. Omi kì í pa ooru, ńṣe ló ń gbé e kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Awo bàbà pẹlẹbẹ kan lẹ̀ mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn CPU. Ooru á bọ́ sínú awo yẹn, pọ́ǹpù á ti omi gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, omi á gbé ooru náà lọ sínú radíétọ̀, fáànù á sì fẹ́ ẹ dà sínú yàrá. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá wúwo bákan náà, ooru tí omi máa gbà kó tó fi dígírì kan gbóná sí i ju ìlọ́po mẹ́rin ti afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀. Agbára omi nìyẹn, mi ò sì bá a du ú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ṣì máa gba gbogbo ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Radíétọ̀ kò lè mú omi tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń gba ara rẹ̀ kọjá. Bí yàrá yín bá wà ní 32°C, omi yẹn á ju 32 lọ, bó ti wù kí radíétọ̀ náà tóbi tó.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé omi tí à ń rà yìí, orí CPU ló ń jókòó sí. Nínú kọ̀ǹpútà géèmù, káàdì gíráfíìkì ló sábà máa ń jẹ iná jù, òun náà ló sì máa ń mú ooru wá jù. RTX 4060 ń jẹ nǹkan bíi 115 wáàtì, RTX 4090 lè jẹ 450. Ọpọlọ Ryzen 5 7600 ńkọ́? Wáàtì 65 ni wọ́n kọ sí i lára, fáànù kékeré sì ti wà nínú páálí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Radíétọ̀ orí CPU kò kan ooru inú káàdì rárá. Káàdì ní fáànù tirẹ̀, ohun tó sì ń fẹ́ lọ́dọ̀ àpótí ni ojú ihò tó gbòòrò níwájú àti fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa. Mo ti rí àpótí tí wọ́n fi dígí dí iwájú rẹ̀ pa, tí wọ́n wá gbé omi olówó ńlá sínú rẹ̀, tí káàdì inú rẹ̀ sì ń jóná bí ààrò.

Nítorí náà, ojú mọ́nítọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè: géèmù wo ni mo fẹ́ gbá, lórí mọ́nítọ̀ wo? Mọ́nítọ̀ 1080p ní píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tó ju mílíọ̀nù méjì lọ díẹ̀. Ti 1440p fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.7. Ti 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 1080p géérégé. Káàdì gíráfíìkì ló máa ya gbogbo píksẹ́lì wọ̀nyẹn, ọgọ́ta ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù lórí 1080p kò nílò ẹrù tí ẹni 4K ń rù. Tí ẹ bá ti mọ mọ́nítọ̀ yín, ẹ ti mọ káàdì yín nìyẹn, káàdì náà ló sì yẹ kó kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín. Lójú tèmi, káàdì àlòkù tó dára, tí ẹ dán wò fún bí wákàtí kan kí ẹ tó sanwó, sàn ju káàdì tuntun tó kéré lọ.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) àti SSD (ibi tó ń kó géèmù pa mọ́ sí). Ẹ ra RAM méjì tó dọ́gba dípò ẹyọ ńlá kan ṣoṣo, torí pé ọ̀nà méjì ni ọpọlọ máa ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀, géèmù á sì mọ ìyàtọ̀. Ẹ ra SSD NVMe 1TB. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́; èyí tí lẹ́tà B ṣíwájú nọ́ńbà rẹ̀ ti tó fún iṣẹ́ géèmù dáadáa.

Ibi tí mi ò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣọ́wó ná ni PSU, àpótí iná inú kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, lóòótọ́: ẹni tó fẹ́ lo 4060 pẹ̀lú ọpọlọ wáàtì 65 kò nílò PSU wáàtì 1000. Èyí tó jẹ́ 550 tó bẹ́ẹ̀ ó tún ṣẹ́ kù. Àmọ́ kí 550 náà jẹ́ ojúlówó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí àmì 80 Plus Bronze tàbí Gold, wọ́n á ní ó ti parí. Ohun tí àmì yẹn ń wọ̀n ni bí iná tó ń ṣòfò ṣe kéré tó. Kò sọ bóyá PSU náà á pa ara rẹ̀ nígbà tí wáyà bá kan ara wọn, kò sì sọ bí àwọn nǹkan inú rẹ̀ ṣe lágbára tó. PSU burúkú lè jó mọ́dábọ́ọ̀dù àti káàdì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra fáànù tó ń tàn, ẹ fi kún PSU.

Ó wá ku omi. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á láéláé. Ọpọlọ kan wà tó ń béèrè fún un. Core i9-14900K lè jẹ 253 wáàtì, ẹni tó bá sì fẹ́ máa fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fídíò láti àárọ̀ títí di alẹ́ máa jẹ àǹfààní omi. Àpótí kékeré tí irin atẹ́gùn gíga (irin onífáànù tó ń fi afẹ́fẹ́ mú ọpọlọ tutù) kò lè wọ̀ náà ńkọ́? Omi lè jẹ́ ọ̀nà àbáyọ níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ra káàdì tó yẹ yín àti PSU tó dáa, tí owó ṣẹ́ kù, tí ọkàn yín sì fẹ́ ẹ, ìfẹ́ náà tó ìdí. Ohun tí mò ń bá jà ni kí ìfẹ́ náà jẹ owó káàdì.

Bí ẹ bá máa rà á, AIO ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ti rọ omi sí, tí wọ́n sì ti dì pa láti ilé iṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú láti to omi fúnra yín pẹ̀lú owó kékeré. Pọ́ǹpù lọ́tọ̀, agbada omi lọ́tọ̀, awo lọ́tọ̀, radíétọ̀ lọ́tọ̀, rọ́bà, àti àwọn ìdè kéékèèké tó so wọ́n pọ̀. Àwọn ìdè yẹn nìkan lè jẹ owó ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé gbogbo ẹnu ló ń fẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá wá ń ṣọ́wó ná á ra radíétọ̀ alumíníọ̀mù mọ́ awo bàbà, irin méjèèjì á sì máa bá ara wọn jà nínú omi títí ọ̀kan á fi jẹ tán. Bẹ́ẹ̀ ni omi náà ń fẹ́ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Nínú AIO, 240, ìyẹn onífáànù méjì, ti tó ọ̀pọ̀ nínú wa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú rúlà. Radíétọ̀ sábà máa ń nípọn tó 27 mílímítà, fáànù jẹ́ 25. Ó di 52 lápapọ̀, àyè yẹn sì gbọ́dọ̀ wà lókè mọ́dábọ́ọ̀dù láìfi orí gún RAM. Ọ̀rẹ́ mi kan kò wọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí kò wọ òkè, ó so radíétọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí. Láàárín oṣù díẹ̀, pọ́ǹpù ń dún bí omi tó ń tú lẹ́nu ṣágo. Gbogbo AIO ló ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú, omi sì ń gba ara rọ́bà lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Afẹ́fẹ́ máa ń wá ibi tó ga jù lọ, bí pọ́ǹpù bá sì wà níbẹ̀, òun ló máa gbé e mì. A pààrọ̀ àpótí, a gbé radíétọ̀ lọ sókè, ariwo dákẹ́. Ó bani nínú jẹ́ pé owó àpótí kejì yẹn ì bá ti ra SSD fún un.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó wúwo létí mi ju ẹwà lọ. Bí fáànù irin atẹ́gùn bá kú, ẹ ra fáànù, ẹ so ó mọ́ ọn, iṣẹ́ ń lọ. Bí pọ́ǹpù AIO bá kú, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè ra irin atẹ́gùn àlòkù láìbẹ̀rù, tí mi ò sì ní fọwọ́ kan AIO àlòkù. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ béèrè pé ọdún mélòó ni wọ́n ṣèlérí. Kó má dín sí márùn-ún.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: ẹ wọ inú BIOS (ibi ètò inú mọ́dábọ́ọ̀dù), ẹ dín wáàtì tí ọpọlọ ń jẹ kù. AMD, àwọn tó ń ṣe Ryzen, pe tiwọn ní Eco Mode. Nínú géèmù, ohun tí ẹ máa pàdánù kì í sábà tó nǹkan, ooru àti ariwo fáànù á sì lọ sílẹ̀.

Èyí tí mò ń lò báyìí, irin atẹ́gùn ló wà lórí ọpọlọ rẹ̀. Káàdì tó wà nínú rẹ̀ gbé géèmù tí tàkọ́kọ́ kò lè gbé, ó sì gbé e dáadáa. Mo fi àyè radíétọ̀ 240 sílẹ̀ lókè àpótí, mo ti fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí owó bá tún bọ́ sí mi lọ́wọ́, mọ́nítọ̀ 1440p ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá ń to tirẹ̀ lọ́wọ́, kó kọ orúkọ géèmù tó fẹ́ gbá àti mọ́nítọ̀ tó ní sísàlẹ̀ yìí, ká jọ wò ó.