Ọmọ gba lẹ́tà Honors College: kó wọ̀ ọ́ ni, àbí kó fi sílẹ̀?

Bí lẹ́tà ìgbàwọlé bá ti ń dé láti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, òmíràn á tún tẹ̀ lé ti àwọn ọmọ kan: wọ́n ní kó wá wọ Honors College, ìyẹn ẹ̀ka tí yunifásítì yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó mókè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé orí WhatsApp ẹbí. Ẹ kú oríire o. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n pè ló yẹ kó jẹ́ ẹ. Èyí kì í ṣe irú Honours tí wọ́n ń kọ mọ́ B.Sc. ní Nàìjíríà, iṣẹ́ àfikún ni, ó sì lófin tirẹ̀. Lójú tèmi, thesis, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí ńlá tí ọmọ máa kọ kó tó jáde, ló yẹ kẹ́ ẹ fi pinnu, kì í ṣe orúkọ.

Ti owó kò le. Macaulay, Honors College ti CUNY (yunifásítì ìlú New York), máa ń bá ọmọ tó jẹ́ olùgbé ìpínlẹ̀ náà san owó ilé-ìwé. Bí irú èyí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, kí lẹ tún ń rò? Barrett, Honors College ti yunifásítì Arizona State, ní tirẹ̀, ń gba owó ọ̀tọ̀ lé owó ilé-ìwé lórí. Ibòmíràn kì í gba nǹkan kan, àmọ́ wọ́n á ní kí ọmọ gbé hostel Honors lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ béèrè iye yàrá yẹn kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé.

Àǹfààní tí àwọn òbí kì í kà sí rárá ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ Honors ló ń kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, tó ń wá àyè ní lab Organic Chemistry, mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tó bá pẹ́ dé á bá a pé ó ti kún, á dúró de sẹ̀mẹ́sítà mìíràn, kọ́ọ̀sì tó gun orí rẹ̀ náà á sún síwájú.

GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ọmọ, ńkọ́? Barrett fẹ́ 3.25, Schreyer, Honors College ti Penn State, fẹ́ 3.40. Ẹ jẹ́ ká ṣírò, A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2: ọmọ ṣe credit 15. Ó gba C nínú Chemistry tó jẹ́ credit 4, B nínú Calculus tóun náà jẹ́ 4, A nínú 7 tó kù. 3.20 péré nìyẹn. Ọmọ ò ṣeré, ó sì ti bọ́ sábẹ́ ìlà. Wọn kì í sábà lé e lójú ẹsẹ̀, wọ́n máa ń fún un láyè kó gbé e sókè. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé bó bá kúrò ní Honors, ṣé scholarship náà á bá a lọ? Ẹ gba èsì rẹ̀ ní email; ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ṣe é fi hàn ẹnikẹ́ni lọ́la.

Ó wá ku thesis. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọdún kẹrin ni. Ó yẹ kí ọmọ sáyẹ́ǹsì ti máa ṣe nǹkan ní lab olùkọ́ kan láti ọdún kejì, torí ó ṣòro kí olùkọ́ gba ẹni tí kò mọ̀ rí nígbà tó ku oṣù díẹ̀. Lọ́dún kẹta, á wá alábòójútó, á kọ àbá. Lọ́dún kẹrin, á ṣèwádìí, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìwádìí tó kan èèyàn. Ìbáà ṣe ìwé ìbéèrè lásán, IRB, ìgbìmọ̀ yunifásítì tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ṣèwádìí, ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ọmọ tó bá ti pín ìbéèrè kí àṣẹ tó jáde kò ní lè lo ìdáhùn yẹn. Àtúnbẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí ọjọ́ ìparí ti ń wọlé bọ̀.

Ta ló wá yẹ fún? Ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe PhD tàbí ìṣègùn. Olùkọ́ tó bá a ṣiṣẹ́ ọdún méjì á lè kọ lẹ́tà tó lórí tó nídìí fún un. Ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ accountant ní kété tó bá jáde, internship á wúlò fún un ju thesis lọ. Ọmọ nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà ní láti ṣọ́ra: kọ́ọ̀sì tiwọn ti kún fọ́fọ́, kì í sí àyè púpọ̀ fún kíláàsì Honors. Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni honors contract: olùkọ́ kíláàsì lásán á fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ọmọ, àwọn méjèèjì á buwọ́ lùwé ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà. Bí olùkọ́ bá ní òun ò ráyè, ó parí.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí May 1, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń retí ìdáhùn ọmọ dà, dẹ́rù bà yín. Kí ọmọ wá ẹni tó wà lọ́dún kẹta ní ẹ̀ka tirẹ̀ gan-an, kó bi í pé ta ni alábòójútó rẹ̀, ìgbà wo ló sì rí i. Kó má bi ẹni tí wọ́n ní kó máa mú àlejò káàkiri ọgbà.