Èrò ọkàn mi: Ogún ni fíìmù yìí fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé wọ́n fi ìwé Jane Austen, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fíìmù ní èdè Tamil ti gúúsù Íńdíà, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni bí orin, ijó àti òjò inú sinimá Íńdíà yóò ṣe bá àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń mu tíì nínú pálọ̀ wọn mu. Èmi kò ka ìyẹn sí ìṣòro rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Kandukondain Kandukondain, tí Rajiv Menon darí, tí ó sì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ni pé ó di ìwé Sense and Sensibility mú gírígírí ní ibi tí ọ̀pọ̀ fíìmù aláṣọ àtijọ́ ti àwọn òyìnbó fúnra wọn ti máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ owó. Ìfẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, A. R. Rahman sì kó orin aládùn sí i, ṣùgbọ́n ogún ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwé náà. Ọdún 1811 ni ó jáde láìsí orúkọ Austen lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni pé obìnrin kan ni ó kọ ọ́. Ní orí kejì, John Dashwood, tí ó ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn ikú pé òun yóò ran ìyàwó bàbá òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́, ń rò ó láti fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 1,000 pọ́n-ùn. Fanny ìyàwó rẹ̀ kò jà, kò pariwo, kò sì ṣépè. Ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ. Kí ìjíròrò náà tó parí, 1,000 ti di 500, 500 ti di owó ọdọọdún, owó ọdọọdún ti di 50 pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 50 pọ́n-ùn náà sì ti di kí ọkùnrin náà bá wọn kẹ́rù nígbà tí wọ́n bá ń kó lọ, kí ó sì máa fi ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí wọn bí àsìkò rẹ̀ bá tó. N kò tíì ka ibòmíràn tí wọ́n ti fi ẹnu rírọ̀ jẹ ogún ọmọ òrukàn tó bẹ́ẹ̀.

Menon gbé ilé náà kúrò ní Sussex wá sí Karaikudi, ní agbègbè Chettinad ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, n kò sì rò pé ó lè rí ibi tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Chettiar tí wọ́n kọ́ àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀ jẹ́ oníṣòwò àti ayánilówó tí wọ́n ń ná Burma, Ceylon àti Malaya. Igi tíìkì láti Burma ni wọ́n fi ṣe òpó àti ilẹ̀kùn, wọ́n kó òkúta mábù wá láti Ítálì, wọ́n sì po funfun ẹyin mọ́ ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri títí ó fi ń dán bíi dígí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu nínú fíìmù náà, ògiri ti sọ fún wa pé owó ńlá wà nílẹ̀ àti pé ẹnì kan ni yóò kó o. Padma, tí Srividya ṣe, ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tí àìsàn ti dá wó. Bàbá náà ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan nípa ìwé ìpíngún rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣí àpótí, tí wọ́n sì bá ìwé àtijọ́ kan níbẹ̀, èyí tí ó kọ nígbà tí inú ń bí i pé Padma fẹ́ ọkọ láìgba àṣẹ òun. Swaminathan, ọmọkùnrin bàbá náà, ni ó fi gbogbo rẹ̀ fún. Àwọn tí wọ́n ń gbé e dìde tí wọ́n ń gbé e jókòó kò rí nǹkan kan.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni èyí, pé Íńdíà ọdún 2000 ti kọjá ibẹ̀. Òtítọ́ ni pé láti ọdún 1989 ni òfin Tamil Nadu ti fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin nínú ohun ìní ìdílé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ọdún mẹ́rìndínlógún kí òfin gbogbo orílẹ̀-èdè náà tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n òfin ti 1989 yọ àwọn obìnrin tí wọ́n ti lọ́kọ kí ó tó dé sílẹ̀, Padma tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà sì wà lára wọn dájúdájú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, ó lè fi ìwé ìpíngún gbé e fún ẹni tí ó bá wù ú. Fíìmù náà kò dúró ṣàlàyé òfin fún wa, kò sì yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò rí i pé ìtàn náà kò ní ihò.

Ibi tí Menon ti yà kúrò lára Austen ni mo fẹ́ràn jù. Nínú ìwé, ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó lọ sí ilé kékeré kan ní Devon, wọ́n sì ń fi 500 pọ́n-ùn gbé ọdún kan. Àwọn ọmọbìnrin náà kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọn yóò gba owó lé lórí láìjẹ́ pé wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní ipò wọn; ìgbéyàwó nìkan ni ọ̀nà àbáyọ. Nínú fíìmù, Chennai ni wọ́n kó lọ, iṣẹ́ sì ni wọ́n ń wá. Wọ́n dáná fún olówó nínú ilé ìdáná. Sowmya, àkọ́bí Padma, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní ìlú wọn, ń lọ láti ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan sí òmíràn títí ó fi rí iṣẹ́ gbígba ìpè tẹlifóònù ní iléeṣẹ́ sọ́fítíwíà, kí wọ́n tó wá rí i pé ọpọlọ rẹ̀ ju ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ lọ. Meenakshi àbúrò rẹ̀ di akọrin tí ń kọrin fún àwọn òṣèré láti ẹ̀yìn. Tabu, tí ó ṣe Sowmya, kò fi omijé ṣe àwọn ìran wọ̀nyí. Ṣe ni ó ń ṣe wọ́n bí ẹni tí ó ń ṣírò owó ilé lọ́kàn nígbà tí ẹlòmíràn ń bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni Elinor, ẹ̀gbọ́n àgbà nínú ìwé náà, gan-an, bí Austen ìbá tilẹ̀ jẹ́ kí ó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Owó náà ni ó pa ìfẹ́ Meenakshi. Aishwarya Rai ni ó ṣe ọmọbìnrin yìí, tí ewì Subramania Bharati ti wọ̀ lára, tí ó sì gbà pé ọkùnrin tí kò bá mọ ewì kò mọ ìfẹ́. Srikanth, ọkùnrin tí ó fẹ́ràn, sì mọ ewì. Ní ti tòótọ́, Suttum Vizhi, tí ó wà lára àwọn orin fíìmù náà, ewì Bharati ni, bẹ́ẹ̀ ni ewì náà sì wúlò níhìn-ín bí Cowper àti Scott, àwọn akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ṣe wúlò nínú ìwé fún Marianne, àbúrò Elinor, àti Willoughby olólùfẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí ń gba owó ará ìlú pẹ̀lú ìlérí èlé ńlá ni Srikanth ní. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wó lulẹ̀ ní Chennai ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wo fíìmù náà ní ilé sinimá kò sì nílò àlàyé kankan. Nígbà tí tirẹ̀ náà wó, mínísítà kan ní òun yóò san gbèsè bí ó bá lè fẹ́ ọmọ òun, ó sì gbà. Willoughby fẹ́ Miss Grey nítorí 50,000 pọ́n-ùn; kò sí ìyàtọ̀. Ohun tí Menon yọ kúrò ni ọmọdébìnrin tí Willoughby fún lóyún tí ó sì pa tì. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ó dín ìwà ìkà ọkùnrin náà kù, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ojo tí gbèsè lé wọ ilé àna rọrùn láti gbà gbọ́ ju ọ̀dájú lọ.

Ní ọjọ́ tí Meenakshi rí Srikanth pẹ̀lú ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọbìnrin náà ń rìn lọ nínú òjò bí ẹni tí kò mọ ibi tí ó ń lọ, ó sì já sínú ihò gọ́tà tí wọn kò bò. Nínú ìwé, koríko tútù àti bàtà tí omi ti rin ni ó dá ibà sí Marianne lára. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí ihò yẹn, kì í ṣe pé nǹkan náà pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ará ìlú ńlá kan, yálà ti Chennai tàbí ti Èkó, tí yóò sọ pé ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀.

Májọ̀ Bala ni ó yọ ọ́. Mammootty, àgbà òṣèré láti Kerala, ni ó ṣe é, òun sì ni àtúnṣe tí ó dára jù tí fíìmù yìí ṣe sí ìwé náà. Colonel Brandon ti Austen, tí ó fẹ́ràn Marianne, jẹ́ ẹni ọdún márùndínlógójì tí ó ń wọ fúláńẹ́ẹ̀lì nítorí òtútù, Marianne sì fi ṣe ẹlẹ́yà pé arúgbó ni. Nígbà tí ó wá gbà láti fẹ́ ẹ, ìpínrọ̀ díẹ̀ péré ni òǹkọ̀wé fi sọ ọ́, bí ẹni tí ó fẹ́ tètè parí iṣẹ́. Bala ti Menon pàdánù ẹsẹ̀ kan nígbà tí ó wà lára àwọn ọmọ ogun tí Íńdíà rán lọ sí Sri Lanka láti ọdún 1987 sí 1990, ogun tí sọ́jà Íńdíà tí ó lé ní 1,000 kú sí, tí wọ́n sì ń bá àwọn jagunjagun Tamil erékùṣù náà jà. Ẹ rò ó wò, kí wọ́n gbé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn ònwòran Tamil pé kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ogun náà. Ẹsẹ̀ náà ti sọ ọ́, nítorí náà nígbà tí Meenakshi yí padà sí i, a kò rí i bí ẹni tí wọ́n fi tu ọmọ nínú.

Níbi tí n kò ti bá fíìmù náà ṣe ni ọ̀rọ̀ Sowmya àti Manohar olólùfẹ́ rẹ̀, tí Ajith Kumar ṣe. Ìṣòro Elinor nínú ìwé ni pé Edward, ọkùnrin tí ó fẹ́ràn, ti ṣe àdéhùn ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú Lucy Steele, Lucy sì wá fi àṣírí náà sí Elinor lọ́wọ́, ó di dandan kí ó pa á mọ́ fún oṣù púpọ̀ bí ẹni tí ó gbé iná mì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ní ìdí. Menon yọ Lucy kúrò pátápátá, ó sì fi iṣẹ́ Manohar dí àlàfo náà: ó fẹ́ kọ́kọ́ di olùdarí fíìmù kí ó tó padà wá. Ìyẹn kò tó. Ohun tí wọ́n fi kún un, pé àwọn ènìyàn ka Sowmya sí olóríburúkú nítorí ikú ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ fi í fún tẹ́lẹ̀, bá àwùjọ náà mu, ó sì dun ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe sí i ni, kì í ṣe àṣírí tí ó yàn láti gbé. Wọ́n tún gbé àwọn méjèèjì lọ sí aṣálẹ̀ Íjíbítì fún Enna Solla Pogirai, orin tí Shankar Mahadevan fi gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀ Íńdíà. Orin náà bẹ Sowmya pé kí ó sọ̀rọ̀, orin náà sì dára lọ́pọ̀lọpọ̀, àmọ́ n kò mọ ohun tí òkìtì iyanrìn sọ fún wa tí ojú Tabu kò tíì sọ.

Ní ìparí, nígbà tí Sowmya ń palẹ̀mọ́ àtilọ sí Amẹ́ríkà fún iṣẹ́, Manohar dé, ọmọbìnrin náà sì bú sẹ́kún lójú gbogbo ilé. Nínú ìwé, Elinor sáré jáde, ó ti ilẹ̀kùn kí ó tó sunkún. Ó dá mi lójú pé fíìmù tí Ang Lee fi ìwé kan náà ṣe ní ọdún 1995, níbi tí Emma Thompson, tí ó ṣe Elinor, ti sunkún lójú gbogbo wọn, ni Menon wò fún ìran yìí, kò sì burú, nítorí Tabu ṣe é bí ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹkún wà nínú òun. Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ṣoṣo ni pé nígbà náà ó ti níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ó ti gbé ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ ró, Manohar kò sì ṣe ohun kan lójú wa tí ó fi hàn pé ó mọ bí ó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n fi dúró dè é.