Ta ló sọ pé omíyalé ń mú ọjà tà?

Wọ́n tún sọ ọ́ lójú mi lánàá. A wà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa l'Ábùjá níbí, òjò ń rọ̀, ni bọ̀dá kan bá rẹ́rìn-ín sí mi: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta páànù ní Dei-Dei, tí omíyalé míì bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa là." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn bírìkìlà náà ní tiwọn, wọ́n á ní ilé tó bá wó, iṣẹ́ ló yọ yẹn, owó á rìn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o.

Ẹni tí omi kó ilé ẹ̀ lọ, níbo ló ti fẹ́ rówó páànù? Ìbéèrè mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn òjò òru ọjọ́ 28 oṣù Kárùn-ún 2025 tó ba Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger jẹ́, tó pa èèyàn tó lé ní 200, bàbá Nupe kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Suleja ló sá wá. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, torí ó ti pẹ́ tó ti ń ta ẹ̀wà fáwọn oníṣòwò wa tó ń wá láti Ìlọrin. Ó tú ọ̀rá, ó kó owó jáde, ẹrẹ̀ ti gan mọ́ etí náírà yẹn, ó ń rùn. Báńdù méjì ló fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ewé páànù mọ́kànlá péré lowó ẹ̀ ká. Mo ní bàbá, owó wo lẹ fi ń rà á? Ó ní owó irúgbìn ẹ̀wà àti fatiláísà ọdún yẹn ni. Ṣé ẹ rí i? Mo tajà, ṣùgbọ́n onífatiláísà ò tà, alágbàṣe ò ríṣẹ́, awakọ̀ ò rí ẹ̀wà gbé lọ sí Ìlọrin, ìyá alákàrà á sì ra ẹ̀wà lọ́wọ̀n. Tí bàbá bá wá kan páànù yẹn tán pátápátá, ilé tó ti ní tẹ́lẹ̀ náà ló tún ní, kò tiẹ̀ tó o.

Ẹ ní ìjọba á pín owó, òótọ́ ni, wọ́n fọwọ́ sí 2 bílíọ̀nù náírà fún ilé Mokwa. Ṣé ojú ọ̀run ló ti já bọ́ ni? Owó tó yẹ kó ṣe nǹkan míì ni.

Ká má tíì sọ ti 2022. Báńkì Àgbáyé ní nǹkan tó bàjẹ́ tó bílíọ̀nù 6.68 dọ́là, èèyàn tó lé ní 600 kú. Omi bo títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá, táńkà epo ò lè kọjá, àwa níbí ń sùn sórí ìlà tá a tò fún epo. Símẹ́ńtì tèmi tó ń bọ̀ láti Obajana sùn sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà tá a fi máa já a, àwọn ti ìsàlẹ̀ ti di òkúta. Ìyẹn náà èrè ni àbí?

Ó dáa, àwọn kan rí jẹ, ọlọ́kọ̀ ojú omi gba iye tó wù ú lọ́wọ́ èèyàn nígbà yẹn, èmi náà ta ìṣó gan-an fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìwé àwìn mi ọdún yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ojú ewé méjì gbáko, ẹni mẹ́rin péré ló tíì san tán. Bọ̀dá, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ la là, ẹ wá mú ìdajì gbèsè yẹn lọ gbà fúnra yín.