Èsì wa sí ìyá tó fún róbọ́ọ̀tì kìnnìún ní ìràwọ̀ mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ìyá wa. A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa róbọ́ọ̀tì kìnnìún, ohun ìṣeré ọmọdé tó ń ti róbọ́ọ̀tì di kìnnìún, tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, Ìkòròdú. Ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ. Ẹ ní tó bá ti di kìnnìún tán, ikùn rẹ̀ ṣófo, ojú róbọ́ọ̀tì sì ń yọjú níbẹ̀. Ẹ tún ní èyí tó ń di mọ́tò tí ẹ rà fún ọmọ yín àgbà kò ṣe báyìí rí, torí náà ayédèrú la tà fún yín. Ẹ ṣeun tí ẹ ò fún wa ní ìràwọ̀ ẹyọ kan.

Ká ti orí ayédèrú bẹ̀rẹ̀, torí àwọn míì ń kà á. A kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé kì í ṣe ti Hasbro, ilé iṣẹ́ tó ni Transformers, àwọn róbọ́ọ̀tì ìṣeré tó ń di nǹkan míì. Ẹni tó bá fẹ́ ti Hasbro, a máa bá a wá a, àmọ́ kó múra owó sílẹ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tó ń yọ kì í ṣe àmì ayédèrú. Nígbà tí Hasbro ti Amẹ́ríkà àti Takara ti Japan gbé Transformers jáde ní 1984, mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú ló pọ̀ jù nínú wọn, píìnì ni wọ́n sì fi de ọ̀pọ̀ oríkèé wọn. Ní 1996 tí ọ̀wọ́ àwọn tó ń di ẹranko dé, tí ìnàkí jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn, oríkèé olórí róbótó ni wọ́n lò káàkiri: orí róbótó wọnú ihò, bí egungun itan ṣe wọnú ìbàdí èèyàn. Òun ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè lọ síwá, sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọmọ bá fà á jù, yíyọ ló máa yọ, kò ní kán. Ẹ tì í padà, ẹ ó gbọ́ kàó, ó parí.

Ẹ má fi mọ́tò wé ẹranko, ẹ jọ̀ọ́. Mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àpótí lásán. Apá àti ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì á ká sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní rí wọn mọ́. Kìnnìún ò ní ibi tó máa fi wọ́n pamọ́ sí. Apá róbọ́ọ̀tì ló di ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Gìgísẹ̀ kìnnìún kì í sì í kanlẹ̀. Òkè ló wà, bí orúnkún tó kọjú sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan náà gbọ́dọ̀ ká bí ti èèyàn, kó tún ká bí ti ẹranko, oríkèé rẹ̀ á wá pọ̀ sí i. Inú ikùn tí ẹ ní ó ṣófo yẹn, ibẹ̀ ni orí róbọ́ọ̀tì máa ń wọ̀. Ká ní wọ́n fi ike bò ó, owó tí ẹ san kò ní tó o.

Tèmi ni pé kìnnìún yẹn dára ju róbọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ. Ẹ gbé e ka orí tábìlì kí ẹ wo irun ọrùn rẹ̀, kò sí àbùkù níbẹ̀. Àmọ́ tó bá di róbọ́ọ̀tì, orí kìnnìún wà láyà rẹ̀, iwájú á wúwo, á fẹ́ dojú bolẹ̀. Ẹ fa ìrù rẹ̀ wálẹ̀ kó kan ilẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ wá fi àyà rẹ̀ fì sẹ́yìn díẹ̀. Á dúró.

Ibì kan wà tí mo gbà pẹ̀lú yín. Ẹ ní ẹsẹ̀ kan ń já bọ́ fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Ìyẹn kò yẹ bẹ́ẹ̀, ihò rẹ̀ ló gbòòrò jù. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe nílé, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ ra orí róbótó náà fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tì í wọlé. Ẹ má lo súpá gúlù, á gan pa ni. Bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà, a máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀bútẹ́ wá sí Sábó nítorí ẹsẹ̀ ẹyọ kan. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa á gbé òmíràn wá, á gba èyí lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ọmọ yín tó ń rákò máa ń fi idà róbọ́ọ̀tì náà sẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba idà yẹn lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ni wọ́n kọ sára páálí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kí ẹ tó pè wá, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí tòsì. Nígbà tó bá wà ní kìnnìún ni kí ẹ wò ó o, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀.